"Tọ́bò Ńlá" Kì Í Ṣe Ìdáhùn: Ẹ̀kọ́ Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀rọ láti Ailegun



Nínú kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀, "orí", "ojú" àti "ẹsẹ̀" la sábà máa ń fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Àpẹẹrẹ náà dára, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó pàdánù owó nítorí pé kò mọ̀ bóyá orí èèyàn ni wọ́n ń sọ tàbí orí òkè. Ọgbà mẹkáníìkì ni irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn.

Ailegun ni mò ń gbé, lápá Èjìgbò, ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń múra láti pààrọ̀ tọ́bò Golf 4 GTI rẹ̀ sí èyí tó lágbára jù ú lọ. Owó tó fi ọdún méjì kó jọ ni, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílé wa sì ni. Ó ní kí n bá òun ka ohun tó wà nílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, torí pé èmi ni mo ní sùúrù ìwé kíkà. Bí mo ṣe ń kà á, tí mo sì ń bá a lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àti sí ọjà Ládípọ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan wà tí àwa àti àwọn tó ń tajà jọ ń pè, tí ìtumọ̀ wọn kò sì bára mu: tọ́bò, ńlá, nọ́ọ̀kì àti tòkunbọ̀. Ẹni tó bá yanjú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan tọ́bò rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Tọ́bò

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Sílébù Yorùbá kì í ní kọ́ńsónáǹtì ní ìparí, nítorí náà r tó wà láàárín "turbo" kò rí ibi dúró sí. Sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì tẹnu mọ́ gba ohùn òkè, èyí tó gbẹ̀yìn gba ohùn ìsàlẹ̀, bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àyálò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí fáwẹ̀lì méjèèjì: ọ ló ṣáájú, o ló tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀rọ̀ àbínibí tí kì í ṣe àkànpọ̀, méjèèjì kì í jókòó pọ̀ báyẹn, àǹkóò fáwẹ̀lì kò gbà á. Àlejò ni ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu wa.

Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà kì í ṣe ọmọ àná. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1905. Ní 1962 ni General Motors gbé ọkọ̀ kékeré méjì tó ní tọ́bò jáde fún ará ìlú ní Amẹ́ríkà, Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn. Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń pò ó mọ́ epo, ó ń sun ún, ó sì ń tú èéfín jáde. Agbára tó ṣẹ́kù nínú èéfín yẹn ni tọ́bò ń lò. Abẹ̀bẹ̀ irin méjì ló wà nínú rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so wọ́n pọ̀. Èéfín ń yí abẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́, èkejì ń bá a yí, ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ó sì ń kì í sínú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ sí i la ṣe lè sun epo púpọ̀ sí i, agbára yóò sì ga sí i. Irin àárín náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí èéfín tó ń yí i lè gbóná ju 900°C lọ. Nínú ọ̀pọ̀ tọ́bò, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni irin náà ń léfòó lé.

Mo máa pe apá tí èéfín ń gbà kọjá ní ẹ̀gbẹ́ gbígbóná, mo máa pe apá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ní ẹ̀gbẹ́ tútù. Compressor ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹ̀gbẹ́ tútù, ṣùgbọ́n ẹ má mú orúkọ yẹn lọ sọ́jà. Bí ẹ bá béèrè kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ti AC ni wọn yóò gbé fún yín.

2. Ńlá

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ọlọ́jà kan pé tọ́bò ńlá lòun ń wá, onítọ̀hún bi í pé, "Ọ̀gá mi, kó ṣá ti sáré, àbí?" Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Tọ́bò tó jáde lábẹ́ tábìlì tó orí ọmọdé. Ọlọ́jà yẹn kò purọ́ o, ó tóbi lóòótọ́. Ìbéèrè tó kù ni pé, kí ló tóbi níbẹ̀?

Nǹkan mẹ́ta ni "ńlá" lè tọ́ka sí.

Àkọ́kọ́ ni abẹ̀bẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tútù, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ tí tọ́bò lè gbé ṣe pọ̀ tó. Orúkọ tọ́bò sábà máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Nínú GT2860RS ti Garrett, 60 ni fífẹ̀ abẹ̀bẹ̀ náà ní mìlímítà. Nínú EFR 6258 ti BorgWarner, 62 ni ti ẹ̀gbẹ́ tútù, 58 ni ti ẹ̀gbẹ́ gbígbóná.

Ìkejì ni ilé ẹ̀gbẹ́ gbígbóná, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní A/R wọ̀n. Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi: omi náà á yára, á ta jìnnà. A/R kékeré ń ṣe èéfín bẹ́ẹ̀, torí náà tọ́bò á tètè jí. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré gan-an, ọ̀nà tóóró yẹn kan náà á fún èéfín lọ́rùn. A/R ńlá á pẹ́ kó tó jí, àmọ́ á mí dáadáa lókè.

Ìkẹta ni ìfúnpá, ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní boost. Èyí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Tọ́bò méjì lè fún yín ní ìfúnpá kan náà, kí ọ̀kan gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná wá, kí èkejì gbé èyí tó tutù jù ú lọ tó sì ki wá. Afẹ́fẹ́ tó ki ló ń mú agbára wá. Nọ́ńbà tó wà lójú aago nìkan kò tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún Golf yìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1,781 cc, ó ní fáàfù 20, agbára ẹṣin 150 ló gbé kúrò nílé iṣẹ́, tọ́bò K03 sì ni wọ́n fi sí i. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ń fa afẹ́fẹ́ ẹ̀kún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Bó bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, tó sì ń kún dé ìdá 90 nínú 100, bíi lítà 4,800 afẹ́fẹ́ ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní tọ́bò sọ ìfúnpá afẹ́fẹ́ di ìlọ́po méjì ti ìta, tí intercooler sì mú un padà sí 50°C. Afẹ́fẹ́ yẹn yóò wọn bíi kìlógíráàmù 10.5, ìyẹn bíi pọ́ùn 23. Ìṣirò kíá tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń lò ni pé pọ́ùn afẹ́fẹ́ kan ní ìṣẹ́jú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára ẹṣin 10. Nítorí náà, nǹkan bíi 230 la ń wá.

230 yẹn kì í ṣe àlá. Àwọn Audi TT àti Audi S3 kan wà tí ilé iṣẹ́ fi mọ̀lẹ́bí ẹ́ńjìnnì 1.8 yìí sí, pẹ̀lú tọ́bò K04, agbára 225 ni wọ́n ní.

Ẹ wá gbé èyí tó tó orí ọmọdé sórí òṣùwọ̀n kan náà. GT35 ni wọ́n kọ sí i lára. Ojúlówó GT3582R ti Garrett ní abẹ̀bẹ̀ 82 mm, ó sì lè gbé afẹ́fẹ́ tó tó agbára ẹṣin 600. Ó ju ìlọ́po méjì ohun tí Golf wa lè lò lọ. Tọ́bò kọ̀ọ̀kan sì ní ààlà lápá méjèèjì. Bí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń gbà bá kéré jù fún un, afẹ́fẹ́ á máa ta padà sẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ á sì máa gbọ̀n, ìyẹn ni surge. Bó bá pọ̀ jù, ọ̀fun tọ́bò á há, ooru á pọ̀, agbára kò ní lé. Àwòrán tí wọ́n ń pè ní compressor map ló ń fi ààlà méjèèjì hàn, ilé iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń gbé e jáde. Ẹni tó ń ta tọ́bò tí kò ní map, orúkọ ló ń tà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní 3,000, ìdajì afẹ́fẹ́ tí a ṣírò lókè ló lè fà. Láti Ailegun sí Òṣòdì, nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ṣàṣà ni ọkọ̀ tó ń ré kọjá 3,000 yẹn. Tọ́bò ńlá á ṣì máa sùn. Kó tó jí, ẹ ti dé ẹ̀yìn dánfó tó wà níwájú yín, ẹ sì ti tẹ bíréèkì. Ohun tí mo rí dì mú nínú gbogbo ìṣirò yìí nìyí: ẹni tó ń yan tọ́bò ń yan ibi tí agbára yóò ti jáde. Ẹni tó ń sáré lórí pápá ìdíje lè fẹ́ kó jáde láti 5,000 sókè. Ẹni tó ń gbé Màmá rẹ̀ lọ sọ́jà ní Ìsọlọ̀ nílò rẹ̀ láti 2,500.

3. Nọ́ọ̀kì

Bí mẹkáníìkì ní Ailegun bá sọ fún yín pé, "Ẹ́ńjìnnì yìí ti nọ́ọ̀kì," ẹ wá ibi jókòó. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì ti kú: ó ti gan, tàbí bẹ́árìn inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ìròyìn òkú ni.

Nínú ìwé tọ́bò, knock kì í ṣe òkú, àmì àìsàn ni. Lẹ́yìn tí pọ́ọ̀gì bá ti tanná, iná náà ní láti rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan sílíńdà dé èkejì. Bí inú rẹ̀ bá gbóná jù, epo àti afẹ́fẹ́ tó kù níwájú iná náà á dédé gbiná fúnra wọn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Á máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí a ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì, lè gbọ́ ọ, kó sì fa àkókò ìtanná sẹ́yìn. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a mọ́, písítìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Nọ́ọ̀kì inú ìwé ló ń bí nọ́ọ̀kì Ailegun.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìtumọ̀ méjèèjì pàdé. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀kì ni mò ń bẹ̀rù." Mẹkáníìkì dá a lóhùn pé, "Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ, kò lè nọ́ọ̀kì láéláé." Ìdáhùn tó péye ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ló dáhùn. Àwọn méjèèjì mi orí, wọ́n rò pé àwọn ti gbọ́ ara wọn yé.

Ooru àti epo ló ń fa ti inú ìwé. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná, bí pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ ṣe ń gbóná síni lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ Èkó bá wọlé ní 30°C, tí a fún un pọ̀ dé ìlọ́po méjì, tí ẹ̀gbẹ́ tútù sì ń ṣiṣẹ́ dé ìdá 70 nínú 100, yóò jáde ní nǹkan bíi 125°C. Bó bá jẹ́ tọ́bò kékeré tí a ń fipá lé kọjá ààlà rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ wá sílẹ̀ sí ìdá 60, yóò tó 140°C. Ẹ rí i pé kíkéré jù náà ní ewu tirẹ̀. Ìdí nìyí tí K03 kò fi lè di K04 nípa fífi kún boost nìkan, ìdí náà sì nìyí tí intercooler tó dára fi lè ṣe yín láǹfààní ju tọ́bò tó tóbi lọ.

Ní ti epo, ìlànà pẹtiróòlù orílẹ̀-èdè wa jẹ́ RON 91. Àwọn tó ṣe Golf yìí ń retí 95. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni epo ṣe ń fara da ooru tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta fáìlì bíréènì bọ́ọ̀sì fún yín, tó ní ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ẹ bi í pé epo RON mélòó ni wọ́n ṣe é fún. Fáìlì tí wọ́n ṣe fún 98 kò mọ ilé epo Èjìgbò.

4. Tòkunbọ̀

Ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun tí wọ́n sì gbé wálé là ń sọ ní Tòkunbọ̀. Ọkọ̀ gba orúkọ náà, ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà sì gbà á. Ní Ládípọ̀ wọ́n tún máa ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní "Belgium", ibi yòówù kó ti wá. Èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní àlòkù. Ní ti òdodo, àlòkù ni gbogbo tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́jà wo ni yóò pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ń sọ ọ̀nà tí ọjà gbà wọ̀lú, kò sọ nǹkan kan nípa ìlera rẹ̀. Ojú àti ọwọ́ la fi ń mọ ìyẹn:

– Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára àwo rẹ̀. Tọ́bò K03 àtilẹ̀bá, 5303 ni nọ́ńbà rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, ti K04 ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5304. Bí ọlọ́jà bá ní K04 ni, tí àwo sì ní 5303, àwo ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà kúrò, ẹ dá a padà.

– Ẹ fi ìka mú irin àárín, kí ẹ tì í sókè sódò. Bí tọ́bò bá jẹ́ irú èyí tí ọ́ìlì ń gbé, yóò mì díẹ̀ torí pé ọ́ìlì kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ara ilé rẹ̀. Ẹ tún tì í wọlé, kí ẹ fà á jáde. Bí ẹ bá rí i tó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ti gbó.

– Ẹ tan iná sí abẹ̀bẹ̀ méjèèjì. Etí tó ṣẹ́ tàbí tó tẹ̀ ń sọ pé nǹkan kan ti gba ibẹ̀ kọjá.

– Ẹ wá ọ́ìlì ní ẹnu ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì wo ilé ẹ̀gbẹ́ gbígbóná bóyá ó ti là, pàápàá lẹ́bàá wastegate, ilẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí èéfín yà bàrá nígbà tí ìfúnpá bá tó. Ilẹ̀kùn yẹn gbọ́dọ̀ pa dé.

Ohun tí tọ́bò ń kó bọ̀

Tọ́bò kì í dá wá, ó ń mú ará àti ẹbí bọ̀. K04 irú ti S3 lára Golf yìí ń béèrè máníìfóòdù tó bá a mu, paípù tuntun, injector tó ń tú epo púpọ̀ sí i, intercooler tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀, fáìlì tí wọ́n ṣe fún epo wa, àti klọ́ọ̀ṣì tó lè gbé agbára náà. Bíréèkì kò gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ tó bá ti lè sáré gbọ́dọ̀ lè dúró.

Ọ́ìlì ló sì lé gbogbo wọn. Ní Amẹ́ríkà, Volkswagen fa ẹ̀rí ìtọ́jú Passat 1.8T ti 1998 sí 2004 gùn dé ọdún 8 nítorí ọ́ìlì tó ń di ẹrẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Mọ̀lẹ́bí ẹ́ńjìnnì Golf yìí ni. Ẹrẹ̀ yẹn ló ń dí ọ̀nà ọ́ìlì tó ń lọ sí tọ́bò, irin tó ń yí ní ìgbà 100,000 kò sì ní sùúrù fún òǹgbẹ. Bí tọ́bò àtijọ́ bá kú nítorí ọ̀nà ọ́ìlì tó dí, tuntun tí ẹ bá so mọ́ ọ̀nà kan náà á tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn gbogbo ìṣirò yìí, ẹ̀gbọ́n mi fi GT35 sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Kò tíì ra K04 náà. Ó kọ́kọ́ ná lára owó rẹ̀ sórí paípù ọ́ìlì tuntun, intercooler àti bíréèkì, ó tún ní kí wọ́n wá gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Ọkọ̀ náà ti yá ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, K03 rẹ̀ sì ló ṣì wà lára rẹ̀. Owó tó kù wà ní báǹkì, 5304 ló ń dúró dè.

Ìbéèrè mẹ́fà kí ẹ tó sanwó

1. Agbára mélòó ni mò ń wá, láti ìyípo mélòó sí mélòó?
2. Pọ́ùn afẹ́fẹ́ mélòó nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan? Ṣé ó bọ́ sí àárín map tọ́bò yìí?
3. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà mélòó lápá kọ̀ọ̀kan? A/R rẹ̀ ń kọ́?
4. Nọ́ńbà wo ló wà lára àwo rẹ̀?
5. Epo RON mélòó ni wọ́n fi ṣe fáìlì bíréènì bọ́ọ̀sì náà?
6. Èló ló kù lọ́wọ́ mi fún ọ́ìlì, intercooler, klọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì?

Ẹ kíyè sí i pé kò sí "ńlá" nínú ìbéèrè kankan.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ: ẹ lọ sí ọgbà mẹkáníìkì tó sún mọ́ yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ àyálò 20 sílẹ̀, kí ẹ fi àmì ohùn sí wọn. Ẹ wo èyí tó tẹ̀ lé àǹkóò fáwẹ̀lì àti èyí tó kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọ̀gá ibẹ̀ ní ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wé ti ìwé. Ibi tí méjèèjì kò bá ti bára mu ni kí ẹ fà sí, torí ibẹ̀ ni owó àwọn oníbàárà ti ń jò. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kan tó tún ṣe bíi nọ́ọ̀kì, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn wa, ká jọ jíròrò rẹ̀ nínú èyí tó ń bọ̀.